Àyìndé mú ajá rẹ̀ lọ sí Tógò

Kí ẹ tó kà á: Ta ló ní ajá nílé yín? Kí ni orúkọ rẹ̀? Ṣé ó ti gba abẹ́rẹ́ rí? Ẹ wo àkọlé ẹ̀kọ́ yìí. Kí ni ẹ rò pé ajá nílò kí ó tó lè lọ sí ilẹ̀ òkèèrè?

1. Ìpè láti Atakpamé

Ilé-ìwé ti parí. Ìsinmi gígùn ti dé.

Àyìndé jẹ́ ọmọ ọdún 9. Àbẹ̀kẹ́, àbúrò rẹ̀, jẹ́ ọmọ ọdún 7. Àjàṣẹ́ ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú Bàbá àti Ìyá wọn. Ní èdè Faransé, Porto-Novo ni à ń pe Àjàṣẹ́. Òun ni olú-ìlú orílẹ̀-èdè Benin.

Wọ́n ní ajá kan. Orúkọ rẹ̀ ni Tanímọ̀la. Ara rẹ̀ pupa bí erùpẹ̀ Sakété, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin funfun, bí ẹni tó wọ ìbọ̀sẹ̀. Bí Àyìndé bá ti ilé-ìwé dé, Tanímọ̀la á sáré pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Á máa fi ìrù lu ilẹ̀kùn: pà, pà, pà!

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, fóònù Ìyá dún. Ìyá àgbà ló ń pè láti Atakpamé. Atakpamé wà ní orílẹ̀-èdè Tógò, láàárín àwọn òkè. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Ìyá sí.

Ìyá àgbà ní, "Ẹ kó àwọn ọmọ mi wá, kí wọ́n wá bá mi lo ìsinmi. Àgbàdo ti gbó. Iṣu tuntun ń bọ̀ lọ́nà."

Àbẹ̀kẹ́ pàtẹ́wọ́. Àyìndé kò pàtẹ́wọ́. Ó ń wo Tanímọ̀la tó sùn sábẹ́ àga.

Ó béèrè pé, "Bàbá, ṣé Tanímọ̀la máa bá wa lọ?"

Bàbá ronú díẹ̀. Ó ní, "Lọ́dún tó kọjá, a fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò. Kò jẹun fún ọjọ́ méjì. Èmi náà fẹ́ kó bá wa lọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ òkèèrè ni Tógò. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá ní ẹnubodè gbọ́dọ̀ mú ìwé dání. Ajá náà gbọ́dọ̀ ní ìwé tirẹ̀."

Àyìndé rẹ́rìn-ín. "Ìwé ajá! Ṣé Tanímọ̀la mọ̀wé kà ni?"

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. "Òun kọ́ ló máa kà á. Àwọn aṣọ́bodè ló máa kà á. Ìwé yẹn ló máa sọ fún wọn pé ara ajá wa le, àti pé ó ti gba abẹ́rẹ́. Lọ́la, a ó lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran."

2. Lọ́dọ̀ dókítà ẹran

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Bàbá àti Àyìndé mú Tanímọ̀la lọ. Obìnrin ni dókítà ẹran náà. Àyìndé dọ̀bálẹ̀, ó kí i. Dókítà gbé Tanímọ̀la sórí tábìlì. Ó wo ojú rẹ̀, ó wo etí rẹ̀, ó wo eyín rẹ̀. Ó gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù.

Ó béèrè pé, "Ìgbà wo ló gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kẹ́yìn?"

Bàbá wolẹ̀. "Kò tíì gbà á rí, Dókítà."

Dókítà kò bínú. Ó fa àga kan, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Àyìndé.

Ó ní, "Tẹ́tí sí mi, ọmọ mi. Dìgbòlugi jẹ́ àrùn burúkú. Ó máa ń wà nínú itọ́ ajá tó bá ní in. Bí ajá náà bá bu ènìyàn jẹ, àrùn náà á gba ojú ọgbẹ́ wọ inú ara. Ìwà ajá tó ní dìgbòlugi máa ń yí padà. Itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀. Kò ní lè gbé nǹkan mì dáadáa. Ó lè bu ẹnikẹ́ni jẹ, títí kan olówó rẹ̀."

"Ṣé oògùn rẹ̀ wà?" ni Àyìndé béèrè.

"Bí àmì àrùn náà bá ti hàn lára ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń yè é. Ṣùgbọ́n a lè tètè dí ọ̀nà mọ́ ọn. Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, kíákíá ni kí a fi ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ lábẹ́ omi tó ń ṣàn, fún ìṣẹ́jú 15. Lẹ́yìn náà, kí a gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́."

Dókítà wo Àyìndé. "Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

"Ọmọ ọdún 9 ni mí, mà."

"Ó dára. Ní ọdún 1885, wọ́n gbé ọmọkùnrin kan wá sí ìlú Paris. Ọmọ ọdún 9 ni òun náà. Ajá ti bù ú jẹ ní ọ̀pọ̀ ibi lára. Ọkùnrin onímọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Louis Pasteur. Ó ti ṣe abẹ́rẹ́ tuntun fún dìgbòlugi. Wọ́n fún ọmọ náà ní abẹ́rẹ́ yìí lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Ọmọ náà kò kú. Ó dàgbà, ó di ọkùnrin. Láti ìgbà náà ni abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ti ń gba ẹ̀mí àwọn ènìyàn là."

Dókítà gún Tanímọ̀la ní abẹ́rẹ́. Tanímọ̀la ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: "Wáì!" Lẹ́yìn náà, ó lá ọwọ́ Àyìndé.

Dókítà kọ orúkọ ajá náà sínú ìwé kékeré kan. Ó kọ àwọ̀ ara rẹ̀. Ó kọ ọjọ́ tó gba abẹ́rẹ́. Ó wá ní, "Agbára abẹ́rẹ́ kì í pé lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ gbọ́dọ̀ dúró fún ọjọ́ 21 kí ẹ tó mú un rìnrìn-àjò."

Inú Àyìndé bàjẹ́. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni Bàbá ní àwọn yóò gbéra!

3. Agbọ̀n ńlá

Nígbà tí wọ́n délé, Àyìndé kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó lọ sí ẹ̀yìn ilé. Ó rí agbọ̀n ńlá kan tí Ìyá fi ń kó ẹrù lọ sí ọjà. Agbọ̀n náà ní ìdérí.

Àyìndé rò ó nínú ara rẹ̀ pé, "Bí Tanímọ̀la bá wà nínú agbọ̀n yìí, tí mo sì fi aṣọ bò ó, ta ni yóò mọ̀?"

Ó gbé Tanímọ̀la sínú agbọ̀n. Ó fi aṣọ bò ó. Ó pa ìdérí dé.

Àbẹ̀kẹ́ yọ sí i. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ń ṣe yẹn?"

"Ṣíọ̀! Mò ń kọ́ ọ bí yóò ṣe dákẹ́ ní ẹnubodè."

"Tó bá gbó ńkọ́? Tí kò bá rí afẹ́fẹ́ mí ńkọ́?"

Àyìndé ṣí ìdérí. Tanímọ̀la ń mí hẹ̀, hẹ̀, hẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ ti yọ síta. Oòrùn mú gan-an lọ́jọ́ náà. Àyìndé gbé e jáde kíá, ó bu omi fún un. Tanímọ̀la mu omi náà tán.

Àyìndé jókòó sílẹ̀. Ó rántí ọmọ ọdún 9 tí wọ́n gbé lọ sí Paris. Ó dìde, ó lọ bá Bàbá.

Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dúró."

Bàbá wò ó. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta máa dín nínú ìsinmi yín o. A kò ní pẹ́ lọ́dọ̀ Ìyá àgbà tó bí ẹ ṣe fẹ́."

"Mo mọ̀, Bàbá."

Àbẹ̀kẹ́ sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó nu ojú rẹ̀, ó ní òun náà gbà.

Bàbá ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Àbẹ̀kẹ́ ṣa òkúta kéékèèké 21. Ó kó wọn sínú igbá. Ní àràárọ̀, ó ń mú òkúta kan kúrò. Àyìndé ní tirẹ̀ ń kọ́ Tanímọ̀la bí a ṣe ń fi okùn rìn. Ní ọjọ́ kìíní, Tanímọ̀la jẹ okùn náà lẹ́nu. Ní ọjọ́ kẹwàá, ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àyìndé wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kẹta, igbá ṣófo.

4. Ní ẹnubodè Hillacondji

Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n padà sọ́dọ̀ dókítà. Ó tún yẹ ara Tanímọ̀la wò. Ó kọ ìwé kejì tó sọ pé ara ajá náà le, ó sì lu òǹtẹ̀ sí i.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Àyìndé di ẹrù Tanímọ̀la: abọ́ kan, omi ìgò méjì, oúnjẹ, ẹní kékeré kan, okùn ọrùn, àti ìwé méjèèjì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n gbéra nínú ọkọ̀ Bàbá. Bàbá kò jẹ́ kí Tanímọ̀la jẹun yó kí wọ́n tó lọ, kó má baà bì nínú ọkọ̀. Láti Àjàṣẹ́ dé Kútọnu jẹ́ bíi kìlómítà 30. Wọ́n kọjá Kútọnu. Wọ́n kọjá Ouidah. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dúró lójú ọ̀nà, kí Tanímọ̀la lè mu omi, kó sì tọ̀.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ ra búrẹ́dì, Àbẹ̀kẹ́ ní, "Ẹ jẹ́ ká ti Tanímọ̀la mọ́ inú ọkọ̀."

Ìyá ní, "Rárá o! Inú ọkọ̀ tí a tì sínú oòrùn máa ń gbóná bí ààrò. Ajá lè kú síbẹ̀ kí a tó padà dé." Ìyá àti Tanímọ̀la dúró lábẹ́ igi. Bàbá àti àwọn ọmọ lọ ra búrẹ́dì.

Lẹ́yìn Grand-Popo, wọ́n dé Hillacondji. Ibẹ̀ ni ẹnubodè Benin àti Tógò. Èrò pọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù tò lọ bẹẹrẹbẹ.

Ọkùnrin kan àti ọmọ rẹ̀ wà níwájú wọn. Ọmọ náà gbé ajá kékeré kan mọ́ àyà.

Aṣọ́bodè bi wọ́n pé, "Ìwé ajá yìí dà?"

Ọkùnrin náà ní, "Kò ní ìwé, ọ̀gá. Ajá kékeré ni."

"Ajá kékeré náà máa ń bu ènìyàn jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un padà sílé."

Ọmọ náà bú sẹ́kún. Òun àti bàbá rẹ̀ yí padà. Àyìndé ń wò wọ́n lọ. Ó rántí agbọ̀n ńlá, ó sì di okùn Tanímọ̀la mú ṣinṣin.

Ó kàn wọ́n. Bàbá àti Ìyá mú káàdì ìdánimọ̀ wọn jáde. Wọ́n mú ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ jáde. Àyìndé fi ọwọ́ méjèèjì na ìwé Tanímọ̀la sí aṣọ́bodè náà.

Aṣọ́bodè kà á. Ó wo ẹsẹ̀ funfun Tanímọ̀la. Ó ka ọjọ́ lórí ìka ọwọ́ rẹ̀. "Ọjọ́ 24 nìyí tó ti gba abẹ́rẹ́. Ó pé. Ẹ máa lọ. Tanímọ̀la, káàbọ̀ sí Tógò!"

Tanímọ̀la jù ìrù rẹ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n kọjá, Bàbá wo aago ọwọ́ rẹ̀. Aago méjìlá ni. Ó yí i padà sí aago mọ́kànlá.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ yí aago padà?" ni Àbẹ̀kẹ́ béèrè.

"Aago Tógò fi wákàtí kan kéré sí ti Benin. Bí aago méjìlá bá lù ní Àjàṣẹ́, aago mọ́kànlá ló lù ní Lomé."

Àbẹ̀kẹ́ fò sókè. "A ti jèrè wákàtí kan nínú ìsinmi wa!"

Ṣùgbọ́n Bàbá kò pààrọ̀ owó. Sẹ́fà kan náà ni wọ́n ń ná ní Benin àti ní Tógò.

5. Ọgbẹ́ Kofi

Wọ́n gba etí òkun lọ sí Lomé. Láti Lomé, wọ́n yà sí ìhà àríwá. Atakpamé jìnnà sí Lomé tó bíi kìlómítà 160. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí wọ́n rí àwọn òkè.

Ìyá àgbà dì mọ́ àwọn ọmọ. Èdè Ifè ni Ìyá àgbà ń sọ. Ó jọ Yorùbá, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Àwọn àgbà Ifè ní Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá àwọn ti wá. Àyìndé tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Bó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tó mọ̀, inú rẹ̀ á dùn.

Kofi wà nílé Ìyá àgbà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Ìyá ni. Ọmọ ọdún 8 ni. Ó fẹ́ràn Tanímọ̀la lójú ẹsẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, àwọn ọmọ ń ṣeré níta. Tanímọ̀la wà nínú ilé pẹ̀lú Ìyá. Ajá kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ gba ọ̀nà oko wá. Ó ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀.

Kofi na àkàrà sí i. "Wá jẹ, wá jẹ!"

Àyìndé kígbe pé, "Kofi, padà sẹ́yìn!"

Ó ti pẹ́ jù. Ajá náà bu Kofi jẹ lẹ́sẹ̀, ó sì sá wọ inú igbó.

Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ yọ. Kofi fi ọwọ́ bò ó. Ó ní, "Ọgbẹ́ kékeré ni. Ẹ má sọ fún Ìyá àgbà. Wọ́n á bá mi wí."

Àyà Àyìndé ń lù kì, kì, kì. Ṣùgbọ́n ó rántí ohùn dókítà. Ó ní, "Rárá, Kofi. A gbọ́dọ̀ sọ. Àbẹ̀kẹ́, sáré lọ pe Bàbá! Kí o sì mú ọṣẹ wá!"

Ó fa Kofi lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Ó ṣí omi sí ojú ọgbẹ́ náà. Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó tún fọ̀ ọ́. Aládùúgbò kan ní kí wọ́n fi ata àti epo sí i. Bàbá, tó ti sáré dé, ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Omi àti ọṣẹ nìkan ni dókítà ní ká lò." Àbẹ̀kẹ́ ń wo aago. Ó kà á títí ìṣẹ́jú 15 fi pé.

Bàbá àti Ìyá àgbà gbé Kofi lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́. Dókítà wo ẹsẹ̀ Kofi. Ó béèrè pé, "Ta ló fọ ọgbẹ́ yìí?"

Bàbá dáhùn pé, "Ọmọ mi ni. Ọmọ ọdún 9."

Dókítà ní, "Ó káre. Kofi gbọ́dọ̀ padà wá gba àwọn abẹ́rẹ́ tó kù. Kò gbọdọ̀ pa ọjọ́ kankan jẹ."

Kofi kò pa ọjọ́ kankan jẹ. Nígbà tí ìsinmi fẹ́ parí, òun àti Tanímọ̀la jọ ń sáré lórí òkè. Ìyá àgbà wá sọ fún àwọn aládùúgbò pé kí olúkúlùkù mú ajá rẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́.

Ní ọjọ́ tí wọ́n ń padà sí Àjàṣẹ́, Kofi bi Àyìndé pé, "Ta ló kọ́ ọ ní ohun tí o ṣe lọ́jọ́ yẹn?"

Àyìndé na ọwọ́ sí Tanímọ̀la. "Nítorí ìwé tirẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ ọ́n."

Ẹ rántí

Ajá gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi nígbà tó bá pé oṣù mẹ́ta. Kí ó tún máa gbà á bí dókítà ẹran bá ṣe sọ.
Ẹ má ṣe fọwọ́ kan ajá tí ẹ kò mọ̀.
Bí ajá bá bu yín jẹ, ẹ sọ fún àgbàlagbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ọgbẹ́ kékeré.
Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ni gbogbo ayé fi ń rántí ìjà tí a ń bá dìgbòlugi jà. Ọjọ́ náà ni Louis Pasteur kú, ní ọdún 1895.

Ọ̀rọ̀ ní èdè méjì

ajá: le chien
dìgbòlugi: la rage
abẹ́rẹ́ àjẹsára: le vaccin
dókítà ẹran: le vétérinaire
ẹnubodè: la frontière
ọgbẹ́: la plaie
ọṣẹ: le savon
ìsinmi gígùn: les grandes vacances

Ìbéèrè

1. Níbo ni Ìyá àgbà ń gbé?
2. Kí ló dé tí wọn kò lè gbéra ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́?
3. Kí ni Àyìndé fẹ́ fi agbọ̀n ṣe? Kí ló jẹ́ kó yí ọkàn padà?
4. Kí ló dé tí aṣọ́bodè fi dá ajá kékeré náà padà?
5. Bí aago mẹ́rin bá lù ní Àjàṣẹ́, aago mélòó ló lù ní Atakpamé?
6. Kofi kò fẹ́ kí Ìyá àgbà gbọ́. Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀? Ẹ sọ ìdí rẹ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ fi àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí dí àlàfo: ọṣẹ, ìwé, okùn, 21.
Ajá tó ń lọ sí ilẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ ní ……
Àbẹ̀kẹ́ ṣa òkúta ……
A máa ń fi omi àti …… fọ ibi tí ajá bù jẹ.
Tanímọ̀la kọ́ bí a ṣe ń fi …… rìn.

Ẹ ya àwòrán Tanímọ̀la. Ẹ kọ ìwé rẹ̀ sí abẹ́ àwòrán náà: orúkọ rẹ̀, àwọ̀ ara rẹ̀, àti ìlú rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ bi àwọn òbí yín bóyá ajá ilé yín ti gba abẹ́rẹ́.

Òwe: Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.